Ta ló gbé ìbòjú sórí ìrọ̀rí? Ìdáhùn fún ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ń jowú àlá

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi jọ wo Eyes Wide Shut lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn táwọn ọmọ ti sùn. Ọ̀rọ̀ tá a fi ń ṣeré ti wá di ìjà. Ọkọ mi ní obìnrin inú fíìmù yẹn ti yan àlè, pé ó kàn ń fi àlá bò ó mọ́lẹ̀ ni. Mo ní kò ṣe nǹkan kan, mo tún ní ọ̀rọ̀ obìnrin náà yé mi. Àtìgbà yẹn ló ti ń bi mí pé kí ló yé mi níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣe é àbí kò ṣe é? Ta ló pa ọmọbìnrin tó kú yẹn? Ta ló gbé ìbòjú sórí ìrọ̀rí? Àbúrò ọkọ mi tún ní àwọn ẹgbẹ́ awo ló pa ẹni tó ṣe fíìmù náà torí ó tú àṣírí wọn. Ṣé òótọ́ ni?”

Ìbéèrè mẹ́rin lẹ kọ sílẹ̀, ìyá wa, àmọ́ ìkarùn-ún tí ẹ ò kọ ló wúwo jù: ṣé ohun tí obìnrin rò lọ́kàn lásán, tó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀, ti di ohun tó ṣe? A máa débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Alice, ìyàwó inú fíìmù náà, kò yan àlè. Ìṣẹ́jú 159 ni fíìmù náà, yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tó sún mọ́ ọn jù lójú ayé ni ará Hungary tó bá a jó níbi àríyá Ziegler, olówó kan tí wọ́n mọ̀. Ọtí ti ń pa Alice díẹ̀, ọkùnrin náà sì ń tàn án pé káwọn lọ wo àwọn ère ìgbàanì lókè. Alice rẹ́rìn-ín, ó na òrùka ọwọ́ rẹ̀ sí i, ó ní òun ti lọ́kọ, ó bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ìyókù tí ọkọ yín rò pé òun rí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni, tàbí àlá, tàbí àwòrán dúdú àti funfun tó ń já lu fíìmù láàárín. Àwòrán yẹn gan-an ló dá ìjà sílẹ̀ nílé yín, ẹ sì máa rí i pé kì í ṣe Alice ló ni ín.

Ẹ padà sí ìran inú yàrá, alẹ́ ọjọ́ kejì àríyá. Alice ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onídígí tó wà nílé ìwẹ̀, ó mú agolo pílásítà ojú egbò jáde, inú rẹ̀ ló ń tọ́jú igbó sí. Ó wé e, òun àti Bill, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ dókítà, jọ ń fà á lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wá béèrè àwọn ọmọge méjì tó so mọ́ Bill lọ́rùn níbi àríyá, bóyá ó bá wọn sùn. Bill ní rárá. Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀, títí Bill fi sọ pé obìnrin kì í ronú bí ọkùnrin ṣe ń ronú nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Alice ní kí ló dé tí kò fi jowú òun rí? Ìdáhùn Bill ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́: ìyàwó òun ni, ìyá ọmọ òun ni, ó sì dá òun lójú pé kò lè dalẹ̀ òun láé. Alice bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà mú un débi pé ó dorí kodò, ó kúnlẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀rín yẹn ló fara ti abẹ́ fèrèsé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, nílé ìtura kan ní Cape Cod, ọ̀gá ológun ojú omi kan kọjá níwájú òun, ó bojú wo òun lẹ́ẹ̀kan péré. Òun ò lè mira. Ká ní ọkùnrin yẹn fẹ́ òun, ì báà jẹ́ fún alẹ́ kan, òun ì bá ti fi Bill sílẹ̀, òun ì bá fi ọmọ sílẹ̀, òun ì bá fi gbogbo ọjọ́ ọ̀la òun sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, ó ní, Bill wu òun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó máa fi di alẹ́ ọjọ́ kejì ọkùnrin náà ti lọ, ara sì tu òun.

Ìtàn náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò jọ sọ̀rọ̀, kò mọ orúkọ rẹ̀. Àmọ́ àwọn ọkọ tó ń wo fíìmù yìí sábà máa ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ àgbèrè nínú ọ̀rọ̀ tí kò sí àgbèrè kankan nínú rẹ̀. Lójú tèmi, èsì ni Alice ń fọ̀. Ọkọ ní òun mọ inú ìyàwó òun bí ẹni mọ àpò ṣòkòtò ara rẹ̀, ìyàwó fi hàn án pé yàrá kan ṣì wà níbẹ̀ tí kò wọ̀ rí. Yorùbá ya owú sọ́tọ̀ kúrò lára ìlara, ìyàtọ̀ yẹn sì wúlò níbí. Ohun tó jẹ́ tìẹ tí o ò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ ẹ ló ń fa owú, ohun tẹ́nì kan ní tí ìwọ ò ní ló ń fa ìlara. Bill ń jowú ológun náà lóòótọ́, àmọ́ ó tún ń ṣe ìlara Alice fúnra rẹ̀, pé nǹkan lè wu obìnrin yìí tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun rò pé òun nìkan ni nǹkan ń wù nínú ilé.

Kí Bill tó fèsì ni fóònù dún. Ó jáde lọ sílé aláìsàn rẹ̀ kan tó kú. Inú takisí ni àwòrán dúdú àti funfun ti kọ́kọ́ yọ: Alice àti ológun náà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, Alice gan-an kò sọ bẹ́ẹ̀. Bill ló ń ya fíìmù yìí lórí ara rẹ̀, òun lolùdarí, òun lòǹwòran. Ẹ ṣọ́ ọ lọ bí alẹ́ ṣe ń lọ: gbogbo ìgbà tó bá padà ló ń lọ jìnnà ju ti ìṣáájú. Lákọ̀ọ́kọ́ aṣọ ṣì wà lára, tó bá yá aṣọ ò sí mọ́. Bí owú ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn, kò nílò ẹ̀rí, fúnra rẹ̀ ló ń pèsè oúnjẹ tó ń jẹ. Stanley Kubrick, tó darí fíìmù náà, mọ ohun tó ń ṣe. Tom Cruise àti Nicole Kidman tó ṣe Bill àti Alice, tọkọtaya ni wọ́n lójú ayé nígbà náà, wọ́n ṣègbéyàwó lọ́dún 1990, wọ́n kọra sílẹ̀ lọ́dún 2001. Àwọn tó kọ nípa iṣẹ́ náà ròyìn pé ọjọ́ mẹ́fà ni Kubrick fi ya àwọn àwòrán orí bẹ́ẹ̀dì yẹn, tí èyí tó wọ inú fíìmù kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Kò jẹ́ kí Cruise dé ibẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún Kidman pé kó má sọ ohun tí wọ́n yà fún un. Ìkà díẹ̀ wà níbẹ̀, tí ẹ bá bi mí.

Ká má sì fi gbogbo ẹ̀bi náà sórí igbó àti ìtàn Cape Cod. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ fíìmù ti sọ àìsàn ìgbéyàwó náà. Bill ń wá pọ́ọ̀sì rẹ̀, ìyàwó ló sọ ibi tó wà. Alice jókòó sórí ṣáláńgá ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òde lọ́rùn, ó béèrè pé báwo ni òun ṣe rí. Bill dúró níwájú dígí, ó ń tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní o rẹwà. Irun mi ńkọ́? Ó dáa. Alice ní o ò tiẹ̀ wò ó. Ó mẹ́nu ba Roz tó máa tọ́jú ọmọ, kò pẹ́ rárá Bill tún ń béèrè pé kí lorúkọ ẹni tó ń tọ́jú ọmọ. Orúkọ fíìmù náà dúró lórí ìran kékeré yìí: ó lajú sílẹ̀ kedere, kò ríran. Àwa bọ̀, a ní bí a bá ń sunkún à máa ríran. Bill ò sunkún, bẹ́ẹ̀ ni kò ríran.

Ohun kan wà tí ọkọ yín lè má ṣàkíyèsí: Bill náà kò bá ẹnikẹ́ni lò pọ̀ ní gbogbo òru yẹn. Ó ń wá a o, kò bọ́ sí i ni. Ọmọ olóògbé fẹnu kò ó lẹ́nu, àfẹ́sọ́nà ọmọbìnrin náà wọlé dé. Ó tẹ̀ lé Domino, aṣẹ́wó, lọ sílé rẹ̀, fóònù Alice ló dá eré náà dúró, ó san 150 dọ́là fún ohun tí kò ṣe. Nígbà tó padà lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n sọ fún un pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé kòkòrò HIV wà lára Domino. Ká ní Alice ò pè é ńkọ́? Fíìmù náà kò sọ ọ́, ó kàn jẹ́ kí Bill jókòó tì í. Ẹ tún wo owó. Gbogbo ibi tí Bill dé ló ti ń fi owó ṣílẹ̀kùn: 200 dọ́là lé owó háyà aṣọ kí onísọ́ọ̀bù tó ṣí ilé lóru, 100 dọ́là tó ya sí méjì, ó fún awakọ̀ takisí ní ìdajì kó lè dúró dè é. Ibi tí owó ò bá ti ṣiṣẹ́, a yọ káàdì dókítà rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí owó àti káàdì náà ò lè rà fún un ni kó mọ inú ìyàwó rẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ awo, ìyẹn àwọn olówó abòjú tí Bill yọ́ wọ àríyá ìṣekúṣe wọn lóru yẹn. Àbúrò ọkọ yín kò dá nìkan rò bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn ọjọ́ àti ìwé tó wà nílẹ̀ kò gbè é. Ìtàn inú fíìmù náà ti wà kí wọ́n tó bí Kubrick. Arthur Schnitzler, dókítà àti òǹkọ̀wé ará Vienna, ló kọ ọ́, ìwé rẹ̀ Traumnovelle jáde lọ́dún 1926. Dókítà kan àti ìyàwó rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àríyá abòjú wà níbẹ̀, obìnrin tó fara rẹ̀ ra dókítà náà padà wà níbẹ̀. Àsìkò kánífà ló fi í sí, Kubrick gbé e wá sí New York, ó sọ ọ́ di Kérésìmesì. Àtinú nǹkan bí ọdún 1970 ló ti ń gbèrò láti fi ìwé náà ṣe fíìmù, nítorí náà kì í ṣe àṣírí tẹ́nì kan jù sí i lọ́wọ́ lójijì. Orin tó ń bani lẹ́rù níbi àríyá abòjú, táwọn èèyàn ń pè ní ọfọ̀, orin ìsìn ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ilẹ̀ Romania ni, Jocelyn Pook ló yí i sẹ́yìn kó lè dún bí èdè ẹ̀mí àìrí. Àwọn ìbòjú náà, irú ti ìlú Venice ni, ẹni tó bá ń fojú eégún tiwa wò ó máa ṣi ọ̀nà, torí eégún wa ń gbé ará ọ̀run wá, tiwọn kò ju kí olówó máà jẹ́ ká mọ òun lọ. Ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣílẹ̀kùn fún wọn, “Fidelio”, orúkọ ópẹ́rà Beethoven ni, nípa ìyàwó tó múra bí ọkùnrin kó lè gba ọkọ rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ìṣòtítọ́ ló wà nínú orúkọ náà. Òun ni wọ́n wá fi ń wọlé síbi ìṣekúṣe. Nínú ìwé Schnitzler, “Denmark” ni ọ̀rọ̀ náà, ibi tí ìyàwó ti rí ọkùnrin tirẹ̀. Ní ti ikú Kubrick, ojú oorun ló kú sí nílé rẹ̀ ní England ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1999, ẹni 70 ọdún, àìsàn ọkàn ló pa á. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó fi fíìmù han àwọn tó gbówó sílẹ̀, òun ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa so ó mọ́ra. Wọ́n ti fẹ́ẹ̀ lo ọdún méjì lórí yíyà rẹ̀ nígbà náà, láti oṣù Kọkànlá 1996 sí oṣù Kẹfà 1998, ìwé àkọsílẹ̀ Guinness sì kà á sí yíyà fíìmù tó gùn jù láìdáwọ́ dúró.

Ta ló pa ọmọbìnrin náà? Ẹ tò ó báyìí. Níbi àríyá Ziegler, oògùn fẹ́ pa ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mandy, Bill ló jí i. Níbi àríyá abòjú, obìnrin kan kìlọ̀ fún Bill pé kó sá lọ, nígbà tí ọwọ́ sì tẹ Bill, ó ní òun máa fara òun rà á padà. Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn gbé e pé ọmọbìnrin kan tó ti gbadé ẹwà rí lo oògùn lálòjù nílé ìtura, Bill lọ wo òkú rẹ̀ ní mọ́ṣúárì, Mandy ni. Ziegler wá pè é sídìí tábìlì bílíádì pupa rẹ̀, ó ní eré lásán ni gbogbo ìdẹ́rùbà yẹn, pé Mandy ni obìnrin abòjú náà, pé wọ́n gbé e délé láyọ̀, pé oògùn ló pa á, inú ni wọ́n sì ti tilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ló tún ní Nick tó tẹ dùùrù níbi àríyá abòjú ti padà sọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ ní Seattle, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ̀wé ilé ìtura ti sọ fún Bill pé àwọn ọkùnrin méjì ló mú un lọ tòun ti ojú egbò. Kámẹ́rà kò fi ẹyọ kan han wá nínú ohun tí Ziegler sọ. Ohun tó tún mú un le ni pé Julienne Davis ló ṣe Mandy, Abigail Good ló ṣe obìnrin abòjú, ohùn tí ẹ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ sì jẹ́ ti Cate Blanchett. Ojú kan, ara kan, ohùn kan, ẹni mẹ́ta. Mo rò pé Mandy ni lóòótọ́, pé oògùn sì lè pa á lóòótọ́, àmọ́ mi ò ní bá ẹni tó ní wọ́n pa á jà, torí Ziegler nìkan ni ẹlẹ́rìí, ó sì ní ìdí tó fi lè parọ́. Nínú fíìmù tiwa, wòlíì tàbí babaláwo ì bá ti tú u kí fíìmù tó parí. Kubrick kò gbé ẹnì kankan wá.

Ìbòjú orí ìrọ̀rí sàn díẹ̀. Bill kó aṣọ náà sínú báàgì, ó fi pamọ́, ó tì í. Nígbà tó dá a padà, ìbòjú ò sí níbẹ̀, onísọ́ọ̀bù sì fi 25 dọ́là kún owó rẹ̀, gbogbo ẹ̀ di 375. Àfi bó ṣe délé tó bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alice tó ń sùn, níbi tí orí òun ì bá wà. Àwọn kan ní àwọn abòjú ló wọlé wá gbé e síbẹ̀ láti dẹ́rù bà á. Ó ṣeé rò, àmọ́ nínú ìwé Schnitzler, ìyàwó ló rí i, tó sì gbé e síbẹ̀ bí ìkìlọ̀ tútù, tí ọkọ sì kà á sí pé ó ti ṣe tán láti dárí jì í. Èyí bá inú fíìmù mu jù. Alice ni.

Tí ẹ bá fẹ́ tún un wò, ẹ fi alẹ́ méjì wò ó, ẹ dáwọ́ dúró níbi tí fóònù ti dún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Cape Cod. Èèyàn máa ń gbàgbé ìtàkùrọ̀sọ Alice tí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ ìhòòhò àríyá abòjú, òun ló fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló ń rántí ara, tí wọn ò rántí ọ̀rọ̀. Ẹ yẹ ẹ̀dà tí ẹ ní wò pẹ̀lú. Nígbà tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999, wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya èèyàn dí ojú ìran bíi 65 ìṣẹ́jú-àáyá níbi àríyá náà kí wọ́n má bàa fún un ní ìdíwọ̀n ọjọ́ orí tó máa lé òǹwòran sá. Ẹ̀dà tó jáde ní Yúróòpù kò ní ìdínà yìí, ti Amẹ́ríkà náà sì bọ́ nínú DVD ọdún 2007. Ẹni tó bá ń rí èèyàn alágbáda dúdú tó dúró ṣinṣin níbi tí kò yẹ, kì í ṣe àmì awo o, ìdíwọ̀n ni. Àwọn òpópónà New York tí Bill ń rìn, Pinewood nítòsí London ni wọ́n kọ́ ọ sí. Nígbà míì Cruise ń rìn lórí ẹ̀rọ ìrìn níwájú àwòrán òpópónà tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn rẹ̀, òun ló fà á tí ìlú náà fi ń jọ ìlú ojú àlá. Ẹ tún máa wo iná: igi Kérésìmesì wà nílé, lọ́fíìsì, lọ́dọ̀ aṣẹ́wó, ní sọ́ọ̀bù aṣọ, iná rẹ̀ ló ń tan ọ̀pọ̀ ìran. Nígbà tí Bill bá dé ilé àwọn abòjú, ẹ ò ní rí ẹyọ kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọkọ yín. Fíìmù ni iṣẹ́ mi, mi ò kí ń ṣe alárinà tọkọtaya, nítorí náà ibi tí mo mọ̀ nìkan ni màá sọ. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú yín. Ẹ lè sọ pé ẹ kàn ń ṣàwàdà, kí ìjà parí lálẹ́ òní. Ó rọrùn, àmọ́ Bill náà ti gbọ́ irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án ìgbéyàwó, ẹ sì rí bó ṣe ṣe nígbà tó já. Èkejì, ẹ lè sọ ohun tó yé yín gan-an, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé kò ju ìrònú tó ń kọjá lórí gbogbo èèyàn lọ. Ìyẹn léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ohun tí ẹ bá sọ ní gbólóhùn mẹ́ta, òun lè fi ṣe fíìmù dúdú àti funfun fún oṣù mẹ́ta. Tó bá jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá sí ìyàwó ni, ẹ má gbìyànjú rẹ̀ rárá, ẹ̀gbọ́n tó ní láárí lẹ máa kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ràn, ẹ má ṣe sọ ọ́ bíi ti Alice, nínú èéfín igbó, pẹ̀lú ẹ̀rín, láàárín àríyànjiyàn. Ọ̀nà tó gbà sọ ọ́ ṣe wọ́n léṣe tó ohun tó sọ.

Ẹ fi ìran ìbòjú hàn án, kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Bill rí i, ó jókòó, ó bú sẹ́kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó ní òun máa sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Fíìmù gé e síbẹ̀. Ohun tí a tún rí ni ojú Alice ní ìdájí, ó ti pọ́n kúṣú nítorí ẹkún, sìgá wà lọ́wọ́ rẹ̀, Bill jókòó lọ́kánkán rẹ̀. A ò gbọ́ ìkankan nínú ohun tó sọ. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ọmọ lọ sí sọ́ọ̀bù ohun ìṣeré, Bill fẹ́ búra fún títí láé, Alice ní kó má lo ọ̀rọ̀ yẹn, ó ń dẹ́rù ba òun.